Ohun Èlò Ilé Tó Yẹ Kéèyàn Ní: Àwọn Ìbéèrè Tẹ́ Ẹ̀ Ń Bi Mí Jù àti Ìdáhùn Wọn

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kó gbogbo ẹ̀ síbí. Ẹ wá èyí tó kàn yín.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sílé tuntun ni, owó ọwọ́ mi ò pọ̀, kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ọṣẹ ni àkọ́kọ́. Ẹ ra ọṣẹ gígùn tí wọ́n máa ń gé yẹn, ẹ lè fi fọ aṣọ, ẹ lè fi fọ abọ́, ẹ tún lè fi fọ ilẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ nílẹ̀ ju ọṣẹ ẹlẹ́bu lọ torí ọwọ́ èèyàn kì í mọ ìwọ̀n ti ẹlẹ́bu, ẹ ó kàn rí i pé ó ti tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Lẹ́yìn ẹ̀, ìgbálẹ̀ méjì, ọ̀kan fún inú ilé ọ̀kan fún ìta, bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tó ní ọmọrí, bílíìṣì Jik tàbí Hypo kékeré kan, kànìnkànìn, àti àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹ má gbàgbé àwọ̀n ẹ̀fọn, mo mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n ló wà lọ́kàn yín, àmọ́ ẹ ra àwọ̀n.

Èyí tó kù lè dúró. Àwọn tó ń polówó ọjà lórí fóònù máa ń sọ ọ́ bíi pé oríṣi ohun ìfọ mẹ́wàá ló yẹ kó wà nílé, ti dígí lọ́tọ̀, ti táìlì lọ́tọ̀, ti síńkì lọ́tọ̀, tẹ́ ẹ bá wá ka ẹ̀yìn ike wọn ẹ ó rí i pé èyí tó pọ̀ nínú wọn, ọṣẹ àti omi àti òórùn dídùn ni. Mi ò kì í ní kéèyàn ra nǹkan láìsọ ibi tí agbára ẹ̀ mọ àti bó ṣe lè ṣe wá léṣe, torí ohun tó ń pa kòkòrò lè pa èèyàn náà tá a bá ṣì í lò.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ọṣẹ dúdú gidi?

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọ̀ ẹ̀. Ojúlówó ọṣẹ dúdú kì í sábà dúdú kirikiri, ó máa ń pọ́n rúsúrúsú tó fẹ́ dúdú, ibì kan sì lè dúdú ju ibì kan lọ. Eérú èèpo kòkó àti ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á sá èèpo náà gbẹ, wọ́n á jó o, wọ́n á ro omi sí eérú ẹ̀ kí omi náà sẹ́ jáde, omi eérú yìí ni wọ́n á wá sè pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo pupa títí tí yóò fi ki. Pọ́táṣì tó wà nínú eérú yẹn ló ń sọ epo di ọṣẹ. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó dúdú bí èédú, tí dúdú ẹ̀ ń kun ọwọ́ àti tówẹ̀ẹ̀lì, wọ́n ti bu nǹkan sí i.

Ẹ mú díẹ̀, ẹ fi omi pò ó ní àtẹ́lẹwọ́. Ó yẹ kó hó, kó sì mọ́ kúrò lọ́wọ́ láìta yín. Tó bá ń ta, omi eérú ẹ̀ ti pọ̀ ju epo lọ, ẹ má fi kan ojú rárá. Èyí tó dáa pàápàá máa ń le fún ẹni tí ara ẹ̀ gbẹ, ẹ fi wẹ apá fún ọjọ́ mélòó kan ná kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sójú.

Ọṣẹ dúdú tí wọ́n ní á mú yín pupa láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Eérú àti epo ò lè bó ara èèyàn, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn, ó sì lè jẹ́ mẹ́kúrì tó ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ọṣẹ dúdú mi ń yọ́, ó ti ń di ẹrẹ̀ nínú ike. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Ọṣẹ tí wọ́n fi omi eérú ṣe máa ń rọ̀, ó tún máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹ bù ú sínú ike tó dé dáadáa, kí ẹ sì máa bu ìwọ̀nba tẹ́ ẹ fẹ́ lò pẹ̀lú ọwọ́ gbígbẹ, ẹ má gbé odindi ẹ̀ wọ balùwẹ̀. Ìpele funfun tó máa ń bo ojú ẹ̀ tó bá pẹ́ kì í ṣe nǹkan kan.

Òrí funfun àbí òrí yẹ́lò, èwo ni kí n rà?

Èyí tí wọn ò bu nǹkan sí máa ń funfun tó fi díẹ̀ kan yẹ́lò. Èyí tó yẹ́lò gan-an, wọ́n sábà máa ń fi gbòǹgbò igi tàbí epo pupa díẹ̀ kun ún ni, kò burú, àmọ́ ẹ má san owó lé e pé òun ló lágbára jù. Imú ni kẹ́ ẹ lò. Òrí tó dáa ní òórùn tiẹ̀, tó fẹ́ jọ ti èéfín díẹ̀, èyí tó ti pẹ́ máa ń kan. Ẹ fi díẹ̀ sáàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kẹ́ ẹ fi ra, gbígbóná ara nìkan ti tó láti yọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń tà n'Íbàdàn àti Èkó, apá Òkè-Ògùn ló ti ń wá, Ṣakí, Kíṣí, Ìgbòho, àti láti Kwárà àti Niger.

Tó bá yọ́ nínú ooru tó sì padà dì, ó lè máa ṣe kóró-kóró lọ́wọ́, kò tíì bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ gbé ike ẹ̀ sínú omi gbígbóná kó yọ́ tán, kẹ́ ẹ rò ó pọ̀, kẹ́ ẹ gbé e sí fíríìjì kó tètè dì, á padà kúnná. Ẹ pa á sí ara tí omi ò tíì gbẹ tán, gìgísẹ̀ tó ń là, ètè, ìgbọ̀nwọ́. Ẹ má wọ́ ọ sí ihò imú ìkókó o, kódà tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe é, ọ̀rá yẹn lè ṣàn wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀.

Mo gbé ọṣẹ dúdú lọ sí London, kò hó mọ́, ó sì ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ nínú ibi ìwẹ̀. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Omi ibẹ̀ ni, ọṣẹ yín ò ṣẹ̀. Omi London ní kálísíọ́ọ̀mù púpọ̀, òun náà ló ń bo inú kẹ́tùlù yín ní funfun. Ọṣẹ tó bá jẹ́ ọṣẹ lóòótọ́, dúdú ni o, ti gígé ni o, tó bá pàdé kálísíọ́ọ̀mù á dì mọ́ ọn, á di ìdọ̀tí funfun yẹn, ẹ ó wá nílò ọṣẹ púpọ̀ kó tó hó. Ẹni tó bá wà ní Manchester tàbí Glasgow ò ní rí irú ẹ̀ torí omi tiwọn rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ pò ó nínú ike kékeré pẹ̀lú omi tẹ́ ẹ ti sè tó ti tutù, kẹ́ ẹ wá fi kànìnkànìn mú un. Ìdọ̀tí inú ibi ìwẹ̀ àti ti inú kẹ́tùlù, fínígà funfun ni, ẹ dà á sí i kó wà níbẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, á bó.

Kànìnkànìn ìbílẹ̀ àbí ti náílọ́ọ̀nù?

Fún ara, mo fara mọ́ ti ìbílẹ̀, ó ń bó ìdọ̀tí dáadáa, tó bá sì gbó ẹ lè jù ú sílẹ̀ á jẹrà. Ẹ fún omi inú ẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ fi kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kànìnkànìn tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó tutù látàárọ̀ dalẹ́ á di ilé kòkòrò. Fún abọ́, ti náílọ́ọ̀nù dáa torí kì í tètè gbọ̀n. Ìkókó ò nílò ìkankan nínú méjèèjì, aṣọ rírọ̀ ti tó fún un.

Epo pupa dà sí léèsì funfun mi. Jik ni kí n dà sí i?

Ẹ gbé Jik sílẹ̀ ná. Ọ̀rá wà nínú epo pupa, àwọ̀ náà sì wà níbẹ̀, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ gbọ́dọ̀ lé ọ̀rá kọ́kọ́. Ẹ má tíì fi omi kan ibẹ̀. Ẹ kán ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ sórí àbàwọ́n náà ní gbígbẹ, ẹ fi ìka rà á wọlé láti ẹ̀yìn aṣọ, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fi omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ṣàn án. Ẹ tún un ṣe títí ibẹ̀ ò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́.

Nígbà tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ó rí àmì yẹ́lò tó kù bíi òjìji. Ẹ má sọ̀rètí nù, ẹ sá aṣọ náà sínú oòrùn ní tútù, kí ojú ibi tó lábàwọ́n kọjú sí oòrùn tààrà. Oòrùn máa ń pa àwọ̀ epo pupa, ohun kan náà tó ń sọ kárọ́ọ̀tì di pupa ló wà nínú ẹ̀, kò sì lè fara da oòrùn. Títí ìrọ̀lẹ́ ẹ ó rí i tí yóò máa ṣí díẹ̀díẹ̀, tó bá ṣẹ́ kù ẹ tún rẹ ẹ́ kẹ́ ẹ tún un sá lọ́jọ́ kejì. Ike funfun tẹ́ ẹ fi ń gbé ọbẹ̀ sínú fíríìjì tó ti pọ́n náà, ohun kan náà ni: ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kẹ́ ẹ ṣí i sílẹ̀ sínú oòrùn. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ìkòkò mi jó, kí ló lè ṣí i?

Ẹ da omi sí i, ẹ bu ọṣẹ sí i, ẹ gbé e padà sórí iná kó hó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tutù, púpọ̀ nínú ẹ̀ á ṣí. Eérú iná igi àti kànìnkànìn dáa gan-an fún ìkòkò irin tó ń dán. Ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù ni kí ẹ má fi eérú rẹ mọ́jú, á jẹ ẹ́, inú ẹ̀ á dúdú. Kọ́sítíìkì sódà burú jùyẹn lọ fún un.

Báwo ni wọ́n ṣe ń lo Jik tàbí Hypo gan-an?

Omi tútù ni wọ́n ń pò ó mọ́, omi gbígbóná ń ba agbára ẹ̀ jẹ́. Ilẹ̀ tàbí orí tábìlì, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kọ́kọ́, torí ìdọ̀tí ló máa ń jẹ agbára bílíìṣì kó tó kan kòkòrò. Ẹ wá wo ara ike, tó bá jẹ́ 3.5% ló wà níbẹ̀, ife kan ẹ̀ sínú ife omi 34 ti tó láti pa kòkòrò lórí nǹkan. Ẹ nù ún sí i kó wà ní tútù fún ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ tó ṣàn án. Àwọn tó ń dà á látinú ike gbuurugbu, owó ni wọ́n ń dà sílẹ̀, ẹ̀fúùfù ẹ̀ á sì máa ta wọ́n lójú. Èyí tẹ́ ẹ bá pò lónìí, ẹ lò ó tán lónìí.

Aṣọ funfun olówùú nìkan ni kẹ́ ẹ fi kàn. Kì í ṣe ti àdìrẹ o, aró á lọ. Sányán àti ohunkóhun tó bá jẹ́ ṣẹ́dà tàbí irun àgùntàn, kò ní kàn ṣí wọn láwọ̀, á jẹ okùn wọn ni, ẹ ó fà á ẹ ó rí i pé ó ti ń já. Aṣọ òkè bàbá yín tó wà nínú àpótí, afẹ́fẹ́ ló nílò, ẹ máa fi kọ́ síbi ibòòji lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Tí mo bá pò Jik mọ́ Harpic tàbí Izal, ṣé tóílẹ́ẹ̀tì ò ní mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ásíìdì wà nínú ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n fi ń fọ inú àwo tóílẹ́ẹ̀tì, bí Jik bá pàdé ásíìdì, gáàsì kiloríìnì ni yóò jáde, gáàsì yìí ni wọ́n fi ja ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Tóílẹ́ẹ̀tì ilé wa kékeré, fèrèsé ẹ̀ ò ju ìwé méjì lọ, èèyàn á ti ilẹ̀kùn mọ́ra ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Fínígà náà, ásíìdì ni. Izal àti Dettol, ẹ má pò wọ́n mọ́ Jik náà.

Ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ náà ń kọ́? Amóníà wà nínú ẹ̀, òun pẹ̀lú Jik tún máa ń bí gáàsì tó ń ta ojú àti ọ̀fun. Ẹ kọ́kọ́ da omi púpọ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo méjèèjì, ẹ lo ti ásíìdì lónìí, ẹ ṣàn án dáadáa, kẹ́ ẹ lo Jik lọ́la. Tí òórùn bá ti gba ibẹ̀, ẹ jáde síta kíá, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ má dúró láti nù ún.

Ẹni tó bá sì ní ológbò nílé, Izal àti Dettol lórí ilẹ̀ máa ń ṣe ológbò léṣe torí ó máa ń lá ẹsẹ̀ ẹ̀.

Mo fi álọ́ọ̀mù sí omi kànga, ó mọ́ gaara. Ṣé mo lè mu ún?

Kò tíì ṣeé mu. Iṣẹ́ álọ́ọ̀mù ni pé kó kó ẹrẹ̀ jọ kó rọ̀ sísàlẹ̀, kò pa kòkòrò kankan, omi tó mọ́ gaara lè kó onígbáméjì. Ẹ rọra da omi òkè sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn, kẹ́ ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ sè é kó hó yààyàà fún ìṣẹ́jú kan, tàbí kẹ́ ẹ kán WaterGuard, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike, kẹ́ ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 30 kẹ́ ẹ tó bu mu.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ọmọrí àti ẹ̀rọ tí omi ń gbà jáde ni mo fẹ́ràn fún omi mímu. Ọwọ́ tí wọ́n ń tì bọ inú omi pẹ̀lú ife ló ń dá kòkòrò padà sínú omi tẹ́ ẹ ti fi gáàsì sè.

Kòkòrò ń jẹ ẹ̀wà mi. Òtápìápìá díẹ̀ ńkọ́, tí mo bá máa fọ ẹ̀wà náà kí n tó sè é?

Rárá, rárá. Oògùn tó wà nínú Sniper àti púpọ̀ nínú òtápìápìá ni dichlorvos, ó máa ń wọ inú ẹ̀wà lọ, omi tẹ́ ẹ fi ń fọ̀ ọ́ ò lè lé gbogbo ẹ̀ jáde. Torí ẹ̀ ni ilẹ̀ Yúróòpù ṣe fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà lọ́dún 2015. NAFDAC náà fòfin de Sniper inú ìgò kékeré, mílílítà 100 wá sísàlẹ̀, lọ́dún 2019, ìdí kan tún ni pé àwọn èèyàn ń fi í gba ẹ̀mí ara wọn. Kò yẹ kó wà nínú ilé tí ọmọ ń gbé.

Ẹ sá ẹ̀wà náà nínú oòrùn títí tí yóò fi máa dún kán tẹ́ ẹ bá fi eyín gé e. Kẹ́ ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tó sì gbẹ, kó kún dé ọrùn, kí ìdérí ẹ̀ le gan-an. Kòkòrò tó bá wà nínú ẹ̀ á mí títí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á tán, òun náà á wá kú. Ẹ má máa ṣí i wò lójoojúmọ́ o! Èyí tẹ́ ẹ máa jẹ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń ra àpò odindi, ẹ wá àpò PICS, alápá mẹ́ta ni, náílọ́ọ̀nù méjì nínú, àpò lásán níta, ọlọ́gbọ́n orí ló ronú ẹ̀. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló ṣe é torí ẹ̀wà ní Kamẹrúùnù, ẹ ó dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kòkòrò ò sì ní rí afẹ́fẹ́ mí. Èyí tó kéré, ẹ gbé e sí fírísà fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọ̀n ẹ̀fọn ń fún mi lóoru, ó sì ń ta mí lára. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ nà án síbi ibòòji fún odindi ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó sùn lábẹ́ ẹ̀, títa yẹn á dín kù. Tó bá dọ̀tí, ọṣẹ lásán àti omi tútù ni, ẹ má lo Jik, ẹ má sì sá a sínú oòrùn, oòrùn ń pa oògùn tó wà lára ẹ̀. Wọ́n ṣe é kí oògùn náà ṣì máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn fífọ̀ 20, fún bí ọdún 3. Tó bá ya, ẹ rán an.

Ní ti ooru, mo gbà pẹ̀lú yín. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì sún mọ́ fèrèsé, tẹ́ ẹ bá sì ní fáànù, ẹ kọjú ẹ̀ sí àwọ̀n láti ìta. Ooru á dín kù lóru, ibà ńkọ́?

Gáàsì ń bà mí lẹ́rù. Ṣé kí n padà sí sítóòfù?

Kẹrosíìnì tí wọ́n ti pò mọ́ pẹtiróòlù ti jó ilé púpọ̀, ẹ má rò pé sítóòfù ò ní ewu. Gáàsì tẹ́ ẹ bá mọ ìwà ẹ̀ dáa jù ú lọ. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ lọ, ìyẹn ló jẹ́ pé èèyàn lè dúró kó má gbóòórùn tó pọ̀ síbẹ̀ kó ti kún abẹ́ káńtà. Tí àyè bá wà, ẹ gbé sílíńdà síta, kí họ́ọ̀sì gba ara ògiri wọlé.

Lẹ́yìn gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá rọ gáàsì, ẹ po ọṣẹ àti omi kó hó, ẹ fi fóòmù tàbí ìka kùn ún yí ọrùn sílíńdà, rẹ́gúlétọ̀ àti ẹnu họ́ọ̀sì méjèèjì, kẹ́ ẹ ṣí i. Ẹ tẹ́jú mọ́ ọn. Tí ìhó kékeré kan bá ń wú tó ń bẹ́, tó tún ń wú níbì kan náà, ibẹ̀ ló ti ń jò. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ má fi ìṣáná wá a láé. Họ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá tẹ̀ tẹ́ ẹ rí i pé ara ẹ̀ ti ń la wẹ́wẹ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, owó ẹ̀ ò tó nǹkan kan.

Tẹ́ ẹ bá jí tí òórùn ti gba ilé: ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ má fọwọ́ kan súwíìṣì kankan, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ yí ẹnu sílíńdà pa tó bá ṣeé ṣe, kẹ́ ẹ kó àwọn ọmọ jáde.

Ìyá ọkọ mi ní kí n fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tí mo fẹ́ bí, kí aáyán má baà jẹ ẹ́. Àmọ́ nọ́ọ̀sì ní rárá. Ta ni kí n gbọ́?

Ẹ gbọ́ ti nọ́ọ̀sì. Káńfọ̀ funfun róbótó yẹn, naphthalene ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwa Yorùbá pọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ wa ò ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní G6PD tó, láàárín àwọn ọkùnrin wa ó tó ẹnì kan nínú márùn-ún, ara ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún ẹ̀. Onítọ̀hún lè dàgbà láìmọ̀, torí kò ní àmì kankan lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n tí ìkókó tó ní in bá fa òórùn káńfọ̀, tàbí tó bá wọ aṣọ tó ti gba òórùn náà, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ojú ẹ̀ á pọ́n, ara ẹ̀ á yẹ́lò, tí ìyẹn bá sì pọ̀ ó lè wọ ọpọlọ, ó lè gbọ́mọ lọ́wọ́ ẹni tàbí kó sọ ọ́ di adití.

Bó ṣe máa ń rí ni pé aṣọ tí ẹ̀gbọ́n wọ̀ ni wọ́n á kó jáde nínú àpótí lọ́jọ́ ìkómọ, òórùn káńfọ̀ ṣì wà lára ẹ̀ gbọ̀ọ́n, gbogbo ilé á ní ó ń rùn bí aṣọ tuntun. Ẹ fọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ẹ sá a sínú oòrùn, kẹ́ ẹ tún un fọ̀ tí òórùn bá kù. Kí ẹ sì yọ káńfọ̀ kúrò nínú yàrá náà pátápátá, nínú wọ́dúróòbù, lábẹ́ ẹní, nínú tóílẹ́ẹ̀tì. Ibora tí ẹ fi ń pọn ọmọ náà, bẹ́ẹ̀.

Fún aáyán, àpótí rọ́bà tó dé pinpin tó, aṣọ tó gbẹ tó sì mọ́ ò fa aáyán. Ẹ lè gbé ọṣẹ ìwẹ̀ tẹ́ ẹ ò tíì tú sáàárín aṣọ kó máa ta sánsán. Ẹ rọra ṣàlàyé fún ìyá, ohun tí àwọn náà bá nílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, ìfẹ́ ọmọ ló fà á. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀, wọ́n á tètè gbọ́. Tí ojú ìkókó bá sì ti ń pọ́n, ẹ má fi oòrùn òwúrọ̀ tàbí omi glúkóòsì dá a dúró, ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Tí nọ́ńbà NAFDAC bá wà lára nǹkan, ṣé ó ti tán?

Ó dára kó wà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà sára páálí. NAFDAC ní àkójọ ọjà tó ti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Greenbook, ẹ tẹ orúkọ ọjà náà síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá orúkọ àti iléeṣẹ́ bá ara mu. Ẹ tún wo ọjọ́ tó máa parí, àti bóyá wọ́n kọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ohun ìfọ tí wọ́n ń pò nílé tí wọ́n ń tà nínú ike omi, tí ẹni tó ń tà á ò lè sọ ohun tó fi sí i, mi ò ní kẹ́ ẹ rà á, bó ti wù kó pọ́n tàbí kó ta sánsán tó.

Ọmọ mu kẹrosíìnì tàbí kọ́sítíìkì sódà, àwọn ará ilé ní kí n fún un ní epo pupa kó lè bì í. Ṣé ó tọ̀nà?

Kò tọ̀nà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Kẹrosíìnì tó wà nínú ikùn ò burú tó èyí tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, tí ọmọ bá ń bì, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń ṣàn wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kọ́sítíìkì ti jó ọ̀nà ọ̀fun nígbà tó ń lọ, tó bá tún padà bọ̀ á jó o lẹ́ẹ̀kejì. Epo pupa ò pa májèlé kankan, mílíìkì náà kì í ṣe oògùn kẹrosíìnì.

Ẹ yọ èyí tó kù lẹ́nu ẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ tó dà sí, ẹ fi omi ṣan ara ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀ kódà tó bá ń ṣeré, torí ikọ́ àti mímí gúlegúle lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹ mú ìgò náà dání kí dọ́kítà lè mọ ohun tó jẹ́.

Ìgò yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n sábà máa ń bu kẹrosíìnì, kọ́sítíìkì àti Jik tí wọ́n rà ní wẹ́wẹ́ sí, ọmọ ọdún méjì ò mọ̀ pé ohun tó wà nínú ẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti àná. Ẹ gbé e sínú ike tí wọ́n fi tà á, ẹ gbé e sókè ibi tí ọwọ́ ọmọ ò lè tó, ẹ má gbé e sábẹ́ síńkì. Tí ẹni tó ń tà á bá fẹ́ bù ú sí ìgò ọtí fún yín, ẹ ní kó dúró kẹ́ ẹ lọ gbé ike tiyín wá.